Ọmọ Yorùbá Tó Jọba Gẹ̀ẹ́sì Lórí Ìtàgé

Ta ló yẹ kó ṣe ọba nínú eré: ṣé ẹni tó jọ ọba ni, àbí ẹni tó lè ṣe é? Ìtàn David Oyelowo lè bá wa dáhùn ìbéèrè yìí.

Oxford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1976. Ọmọ Yorùbá ni bàbá rẹ̀, kódà Oyètòkunbọ̀ wà lára orúkọ rẹ̀. Ó gbé Èkó fún ọdún díẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré kí wọ́n tó padà sí Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tó yá, ó wọ LAMDA, ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ eré ṣíṣe, ó sì parí lọ́dún 1998.

Lọ́dún 2000, Royal Shakespeare Company fẹ́ ṣe eré Henry VI, apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Michael Boyd tó darí eré náà mú Oyelowo kó ṣe ọba. Aláwọ̀ dúdú kankan ò ṣe ọba Gẹ̀ẹ́sì rí nínú eré Shakespeare fún ẹgbẹ́ yẹn. Àwọn kan fapá jánú o. Wọ́n ní ṣebí òyìnbó ni Henry.

Ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ yẹn wò. Nígbà ayé Shakespeare, ọmọkùnrin ló ń ṣe Juliet, torí obìnrin kì í ṣeré lórí ìtàgé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Àwọn òǹwòran sì gbà á bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa náà, ta ló ń bi ẹni tó ṣe Kábíyèsí nínú fíìmù pé ìdílé ọba wo ló ti wá? Henry VI gorí oyè kó tó pé ọmọ ọdún kan. Nínú eré náà, oníwà pẹ̀lẹ́ ni, àmọ́ apá rẹ̀ ò ká àwọn ìjòyè tó ń jà. Ẹni tó bá lè mú ká káàánú irú ọba bẹ́ẹ̀ ni ipò náà tọ́ sí. Oyelowo ṣe é débi pé ó gba Ian Charleson Award, ẹ̀bùn àwọn ọ̀dọ́ òṣèré.

Lẹ́yìn náà ló ṣe Danny Hunter, amí ìjọba, nínú Spooks lórí tẹlifíṣọ̀n BBC láti 2002 sí 2004. Iṣẹ́ méjèèjì ò rí bákan náà. Lórí ìtàgé, ohùn gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá, bí èèyàn bá sì ṣì í sọ, ó ti sọ ọ́ náà nìyẹn. Ní ti tẹlifíṣọ̀n, kámẹ́rà sún mọ́ ojú, wọ́n sì lè tún un yà. Síbẹ̀, Oyelowo ò kẹ̀yìn sí ìtàgé: lọ́dún 2024, ó ṣe Coriolanus ní National Theatre ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá o. Tí a bá ń pín ipò eré ìparí ọdún, ẹni tó ga, tó sì sanra, la máa ń fi ṣe ọba. Mo rò pé ó yẹ kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ ọba sókè ná, ká gbọ́, ká tó dé ẹnikẹ́ni ládé.