Yíyan Táyà fún Ọkọ̀ Asáré Àtijọ́

Agbára tí táyà fi ń dì mọ́ ilẹ̀ ni a ó pè ní ìdìmọ́lẹ̀. Kì í ṣe fífẹ̀ táyà nìkan ní ń mú un wá. Ẹ jẹ́ kí a wo Jaguar E-Type ti ọdún 1969, ọkọ̀ asáré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí táyà rẹ̀ jẹ́ 185 VR 15. 185 ni ìbú táyà ní mìlímítà. V ni àmì eré, èyí tí ó ju 210 kìlómítà lọ ní wákàtí kan. R fi hàn pé okùn inú rẹ̀ tò láti etí dé etí. 15 ni ìwọ̀n ríìmù ní íǹṣì. Bí a bá fi 205/60 R 15 rọ́pò rẹ̀, táyà yóò fẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n gíga rẹ̀ yóò fi nǹkan bí 5 sẹ̀ǹtímítà dín. Mítà ọkọ̀ yóò sì máa fi eré hàn ju bí ó ti rí lọ.

Ọjọ́ orí tún wà níbẹ̀. Rọ́bà a máa le bí ó ti ń gbó, ìdìmọ́lẹ̀ a sì dín, bí ojú táyà kò tilẹ̀ tíì jẹ. Bí nọ́ńbà mẹ́rin tí ó parí àmì DOT bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019 ni a ṣe é. Nítorí náà, kí awakọ̀ tó sáré, kí ó ka ẹ̀gbẹ́ táyà rẹ̀.