Wọ́n pa Star Trek tì, àwọn òǹwòran gba gègé lọ́wọ́ wọn

Ẹ̀yin èèyàn wa, kí ló ń mú ẹni tó ti ibi iṣẹ́ dé, tó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu, jókòó máa kọ ìtàn nípa eré tẹlifíṣàn tí kì í ṣe òun ló ṣe é, tẹ́nikẹ́ni ò sì ní í fún un ní kọ́bọ̀?

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà lọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ 8, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1966, ni iléeṣẹ́ NBC bẹ̀rẹ̀ sí í gbé Star Trek jáde, eré àwọn tó ń fi ọkọ̀ rìn láàrin ìràwọ̀. Nígbà tó fi máa di 1967, àwọn obìnrin kan ní New York ti ṣe ìwé àdáṣe kan jáde, Spockanalia lorúkọ ẹ̀, ìtàn táwọn òǹwòran fúnra wọn kọ sì wà nínú ẹ̀.

Àṣé Spock ló ń dà wọ́n láàmú! Ayé mìíràn ni bàbá ọkùnrin yìí ti wá, níbi tí wọn kì í ti í jẹ́ kí ìbínú tàbí ìfẹ́ hàn lójú wọn. Ìyá ẹ̀ ní tiẹ̀, èèyàn bíi tiwa ni. Báwo ni wọ́n ṣe tọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀? Kí ló ń rò tó bá ku òun nìkan? Eré ò sọ. Nínú apá 79 tí wọ́n ṣe nígbà náà, ẹyọ kan péré làwọn òbí ẹ̀ ti yọjú.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà o. Eré tó bá ti sọ gbogbo nǹkan tán, tí olè ti dẹ́wọ̀n, tí ìyàwó ti bímọ, èèyàn á wò ó, á gbádùn ẹ̀, á sì lọ sùn. Èyí tó ń mú wọn kọ̀wé lèyí tó jẹ́ kí wọ́n fẹ́ràn èèyàn inú ẹ̀ bí ọmọ ìyá wọn, tó tún wá ń fi nǹkan pa mọ́ fún wọn.

Ní 1968, táwọn èèyàn gbọ́ pé wọ́n fẹ́ pa eré náà tì, ṣe ni wọ́n da lẹ́tà bo NBC, ìyẹn sì ní àwọn á máa bá a lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó di oṣù kẹfà, 1969, ó parí. Ṣé àwọn òǹkọ̀wé yìí wá dákẹ́? Rárá o! Obìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn, wọ́n ń tẹ ìtàn, wọ́n ń fi í ránṣẹ́ síra wọn. Nígbà tó di 1976, iléeṣẹ́ Bantam kó díẹ̀ nínú ìtàn wọn jọ, wọ́n fi ṣe ìwé gidi. Lónìí, orí íntánẹ́ẹ̀tì nirú àwọn ìtàn bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí, eré àti ìwé lóríṣiríṣi sì ni wọ́n ń kọ ọ́ lé lórí.

Àwọn kan ní olè jíjà ni. Lóòótọ́, ẹni tó ṣe eré ló ni eré. Ṣùgbọ́n ẹni tí eré náà ò jẹ́ kó sùn, tó fi gègé wá ìdáhùn tí wọn ò fún un, ṣé ẹ máa pe òun náà ní àjèjì níbẹ̀?