Epo Wo Ni Kí A Fi Fọ Páàtì Ọkọ̀ Nínú Gáréèjì Ilé?

Owó pọ́ọ́kú dára, ṣùgbọ́n kí ó má jẹ́ ilé ni a ó fi san ìyókù

Ẹni tí ó bá ti gbé òkè òkun fún ìgbà díẹ̀ mọ̀ pé owó iṣẹ́ mẹkáníìkì níhìn-ín kì í ṣe kékeré. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń tú ọkọ̀ ara wọn ní ọjọ́ Sátidé. Àwọn mìíràn a sì máa ra ẹ́ńjìnnì àti gíá àlòkù, wọn a fọ̀ wọ́n mọ́ kí wọ́n tó kó wọn sínú kọ̀ǹténà tí ń lọ sí Èkó, nítorí wọ́n mọ̀ pé páàtì tí ó mọ́ ni oníbàárà ń kọ́kọ́ gbé wò ní ọjà Ladipo. Ẹni tí ó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí lemọ́lemọ́ kì í pẹ́ ra ẹ̀rọ ìfọ̀páàtì: agbada onírin tàbí oníke tí ó ní ìdérí, tí pọ́ǹpù kékeré kan ń fa epo ìfọ̀ láti ìsàlẹ̀ wá sí ẹnu búrọ́ọ̀ṣì, tí epo náà yóò sì tún ṣàn padà sí ìsàlẹ̀.

Ẹ̀rọ náà kì í wọ́n púpọ̀. Ohun tí a óò dà sínú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀. Epo ìfọ̀ tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń lò kì í ṣe owó kékeré, agbada ńlá kan sì lè gba nǹkan bí gálọ́ọ̀nù 10. Nígbà tí ènìyàn bá ṣírò iye rẹ̀ tán, ojú rẹ̀ a yí sí ilé epo tí ó wà ní ìkòríta, níbi tí bẹntiróòlù wà ní owó pọ́ọ́kú. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà, òun ni a sì fẹ́ bá yín sọ.

ABẸ́ IGI MÁŃGÒRÒ YÀTỌ̀ SÍ GÁRÉÈJÌ

Ní ilé, bẹntiróòlù ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì fi ń fọ kabúrétọ̀ àti bíárìn. Kò sí ẹni tí yóò sọ nínú wa pé òun kò rí i rí. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ibi tí mẹkáníìkì náà jókòó sí: abẹ́ igi máńgòrò, tàbí abẹ́ páànù tí kò ní ògiri, tí atẹ́gùn ń fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá. Síbẹ̀síbẹ̀, iná a máa jó wọn. Gáréèjì tiwa níhìn-ín ní ògiri mẹ́rin, ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì nítorí òtútù, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ilé tí àwọn ọmọ ń sùn.

Afẹ́fẹ́ tí ń tú jáde lára bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ tí à ń mí lọ ní ìlọ́po 3 sí 4. Kì í gòkè lọ sí àjà. Ilẹ̀ ni ó ń fà bí ejò. Nínú ọ̀pọ̀ gáréèjì ní Amẹ́ríkà, ẹ̀rọ tí ń mú omi gbóná wà ní igun, iná kékeré kan tí kì í kú sì lè máa jó ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kò di ìgbà tí ẹnikẹ́ni bá ṣá ìṣáná. Bí afẹ́fẹ́ epo bá fà dé ọ̀dọ̀ iná yìí, iná yóò gba ojú ọ̀nà kan náà padà wá sí ìdí agbada. Mọ́tò pọ́ǹpù, súwíìsì ara ògiri, ẹ̀rọ tí ń ṣí ilẹ̀kùn gáréèjì, gbogbo wọn ni ó lè ta pàrà. Yàtọ̀ sí iná, èròjà benzene tí ó wà nínú bẹntiróòlù a máa fa jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Imú àti awọ ara ni ó sì ń gbà wọlé.

NỌ́ŃBÀ TÍ Ó YẸ KÍ A KỌ́KỌ́ WÒ

Kí ẹ tó wo iye owó tí wọ́n lẹ̀ mọ́ agolo epo ìfọ̀, ẹ wá ọ̀rọ̀ yìí lára rẹ̀, tàbí nínú ìwé ààbò tí ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é máa ń tẹ̀ jáde: flash point. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ìwọ̀n ooru tí ó kéré jù lọ tí epo náà fi ń tú afẹ́fẹ́ tí ó tó láti gbaná. Bí nọ́ńbà náà bá ṣe ga tó, bẹ́ẹ̀ ni ewu iná ṣe ń dín kù.

Ti bẹntiróòlù jẹ́ nǹkan bí ìwọ̀n 40 ní ìsàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius. Èyí ni pé nínú òtútù Chicago tàbí Toronto pàápàá, ó ṣì lè gbaná. Ti epo òyìnbó, èyí tí a mọ̀ sí kẹrosíìnì, kò gbọdọ̀ dín ní 38. White spirit, tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní mineral spirits, tí a fi ń po ọ̀dà, sábà máa ń wà láàárín 38 sí 43. Dísù bẹ̀rẹ̀ láti 52 ní Amẹ́ríkà; ní Britain, ó ju 55 lọ. Àwọn epo ìfọ̀ kan sì wà tí wọ́n dìídì ṣe fún fífọ páàtì, tí nọ́ńbà wọn ju 60 lọ.

Ẹ má ṣe rò pé 38 ti tó láti fọkàn balẹ̀. Ní Houston, ní oṣù Kẹjọ, gáréèjì tí oòrùn ti ń pa láti àárọ̀ lè gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kẹrosíìnì inú agbada ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú afẹ́fẹ́ tí ó lè gbaná. Ẹ kò sì gbọdọ̀ da bẹntiróòlù díẹ̀ mọ́ kẹrosíìnì nítorí kí ó lè tètè yọ gírísì. Àwọn tí ó wà ní Nàìjíríà ní ọdún 2001 kò ní gbàgbé kẹrosíìnì àdàlù tí ó bú gbàmù nínú àtùpà àti sítóòfù, tí ó sì pa ènìyàn. Bẹntiróòlù díẹ̀ ti tó láti fa nọ́ńbà gbogbo epo náà wálẹ̀.

ÈWO NI KÍ A RÀ?

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ ka ìwé tí ó bá ẹ̀rọ yín wá. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ olówó kékeré ni wọ́n ṣe fún omi ìfọ̀ nìkan. Epo lè jẹ ọ̀pá rọ́bà rẹ̀, mọ́tò rẹ̀ sì lè tanná ran epo náà.

Èkínní ni omi ìfọ̀ ọlọ́ṣẹ, èyí tí à ń ra ògidì rẹ̀ tí a sì ń fi omi là. Kì í gbaná, ògidì díẹ̀ a sì di púpọ̀, nítorí náà òun ni ó sábà máa ń dín owó jù fún iṣẹ́ gáréèjì ilé. Ó fẹ́ sùúrù: ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa bí ó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, páàtì tí gírísì rẹ̀ ti gbẹ sì lè sùn sínú rẹ̀ mọ́jú. Bí ẹ bá ti yọ irin kúrò nínú rẹ̀, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ sì fi óìlì pa á lójú ẹsẹ̀, kí ó má baà dípẹtà. Ẹ yẹra fún èyí tí ó ní kọ́sítíìkì sódà bí páàtì náà bá jẹ́ alumíníọ̀mù, nítorí yóò jẹ ẹ́.

Èkejì ni white spirit, tàbí, èyí tí ó sàn jù ú lọ, epo ìfọ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ ju 60. Òun ni ó yẹ bíárìn àti àwọn ohun tí omi kò gbọdọ̀ kàn. Ó wọ́n ju omi ìfọ̀ lọ, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni ẹ nílò.

Ẹ̀kẹta ni dísù. Kò wọ́n, nọ́ńbà rẹ̀ sì ga díẹ̀, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ kì í tètè lọ, ó sì ń fi ọ̀rá sílẹ̀ lára ohun tí a fi fọ̀. Ẹ má ṣe fi fọ bíréèkì láéláé.

Ní ti agolo afúnká tí a fi ń fọ bíréèkì, kì í ṣe ohun tí à ń dà sínú ẹ̀rọ. Òmíràn nínú wọn ní èròjà chlorine. Bí a bá wẹ́dà irin tí ó ṣì tutù nítorí rẹ̀, ooru lè sọ ọ́ di phosgene, irú afẹ́fẹ́ olóró tí wọ́n fi pa ọmọ ogun nínú Ogun Àgbáyé Kìíní. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, àjọ EPA ti Amẹ́ríkà gbé òfin jáde láti fòpin sí lílo trichloroethylene, ọ̀kan nínú ìdílé èròjà bẹ́ẹ̀.

BÍ GÁLỌ́Ọ̀NÙ 5 ṢE LÈ TÓ ỌDÚN KAN

Iye tí a kọ sí ara agolo kọ́ ni iye epo ìfọ̀. Iye ìgbà tí a lè tún un lò ni kí a ṣírò. Ká ní gálọ́ọ̀nù bẹntiróòlù jẹ́ dọ́là 4, tí gálọ́ọ̀nù epo ìfọ̀ sì jẹ́ dọ́là 20. Ẹni tí ó ń lo gálọ́ọ̀nù bẹntiróòlù kan fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, tí ó ṣe iṣẹ́ 30 lọ́dún, ti ná dọ́là 120. Ẹni tí ó ra gálọ́ọ̀nù 5 epo ìfọ̀, tí ó sì ń tọ́jú rẹ̀, ná dọ́là 100. Ẹ fi iye ọjà àdúgbò yín rọ́pò tiwa, kí ẹ sì tún un ṣírò.

Ìtọ́jú náà kò le. Ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀bẹ tí kò mú ha gírísì kúrò, kí ẹ fi àkísà nù ún, kí páàtì tó kan epo rárá. Bí páàtì bá kéré, ẹ gbé abọ́ onírin sínú agbada, kí ẹ da epo díẹ̀ sínú rẹ̀, dípò tí ẹ ó fi kún gbogbo agbada. Lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ dé e, ẹ jẹ́ kí ó sùn mọ́jú. Ìdọ̀tí yóò silẹ̀. Ẹ rọra da èyí tí ó mọ́ gba inú aṣọ, kí ẹ sì kó gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ sínú agolo onídèérí.

OHUN TÍ A KÒ GBỌDỌ̀ FI ṢERÉ

Ìdérí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ onírin ní irin pẹlẹbẹ kan tí ń yọ́ ní nǹkan bí ìwọ̀n 74 Celsius, kí ìdérí lè já lu agbada, kí ó sì bo iná mọ́lẹ̀. Ẹ má ṣe yọ ọ́, ẹ má sì fi igi gbé ìdérí náà ró. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn ńlá sílẹ̀, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ nitrile àti awò ojú, kí ẹ sì gbé ẹ̀rọ ìpaná tí a ṣe fún iná epo sí ẹnu ọ̀nà. Ẹ má ṣe bu omi sí iná epo, nítorí epo yóò léfòó, yóò sì gbé iná náà káàkiri.

Ẹ má ṣe rọ epo sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Bí ọmọ bá ṣèèṣì mu ún, ẹ má ṣe fún un ní epo pupa gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe ní ilé, ẹ má sì jẹ́ kí ó bì. Ìgbà tí ó bá ń bì ni epo náà lè wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ẹ pe 1-800-222-1222. Ní Britain, ẹ pe 111. Bí kò bá lè mí dáadáa, ẹ pe 911 tàbí 999.

Epo tí ó ti gbó kì í lọ sínú gọ́tà tàbí ilẹ̀. Ẹ gbé e lọ sí ibi tí káńsù tàbí ìjọba ìbílẹ̀ yín ti ń gba ìdọ̀tí olóró. Ẹ má ṣe dà á pọ̀ mọ́ óìlì ẹ́ńjìnnì, nítorí ibi tí wọ́n ti ń gba óìlì lè kọ̀ ọ́.

Àwọn àgbà wa ní, a kì í fi iná sórí òrùlé kí a sùn. Ní Sátidé tí ń bọ̀, kí ẹ tó tú bóòtù àkọ́kọ́, ẹ wọ gáréèjì lọ, ẹ gbé agolo tí ó wà nídìí ògiri, kí ẹ ka nọ́ńbà ara rẹ̀. Bí ẹ bá sì bá bẹntiróòlù nínú abọ́ tí kò ní ìdérí, ẹ gbé e jáde kúrò nínú ilé kí ẹ tó tan iná.