Kí Ló Ń Mú Kí Ọta Ìbọn Pélébé Máa Takìtì Lójú Afẹ́fẹ́?

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fẹ́ dáhùn lónìí. Bàbá kan tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ Agege Motor Road ló fi ránṣẹ́. Ìbọn dún ládùúgbò wọn lálẹ́ ọjọ́ kan, ọta kan gba ara páànù ṣọ́ọ̀bù wọlé, ó sì ba ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn ní itan. Ọmọ náà yè é, a dúpẹ́. Ẹni tó yìnbọn ní ilẹ̀ lòun yìn ín sí, pé ọ̀dà títì ló ta ọta náà padà. Àmọ́ ihò ara páànù kò rí roboto. Ó gùn, bí ẹni pé ọta náà fẹ̀gbẹ́ wọlé. Bàbá wá bi mí pé, ṣé ihò gígùn yìí fi hàn pé òótọ́ lọkùnrin náà ń sọ?

Ihò gígùn lè fi hàn pé ọta náà ti ń takìtì kó tó dé ara páànù. Ìyẹn nìkan ló sọ. Ohun tó mú un takìtì la ṣì ní láti wá.

Ìdí tí wọ́n fi bi mí ni pé iṣẹ́ tọ́nà ni mo kọ́. Ẹ̀yìn Ọba Akran ní Ìkẹjà ni mo ti ń fi léètì jẹun kí n tó wá ń fi ẹnu ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ti gbẹ́ ilà sínú nọ́ọ̀tì rí kò ní pẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀pá ìbọn.

Ẹ wo òkòtó tí àwọn ọmọdé ń ta. Bí ẹ bá gbé e lé ẹnu ṣóńṣó rẹ̀ láìta á, ṣíṣubú ni. Bí ẹ bá ta á tó ń yí dáadáa, á dúró ṣinṣin; ẹ tiẹ̀ lè fi ìka kàn án kó má ṣubú. Bí ọta ìbọn ṣe rí nìyẹn. Ọta òde òní gùn, orí rẹ̀ ló kéré, ìdí rẹ̀ ló wúwo. Afẹ́fẹ́ tó ń pàdé rẹ̀ fẹ́ yí i padà kí ìdí lè ṣíwájú. Ọfà ní ìyẹ́ lẹ́yìn tí kì í jẹ́ kí èyí ṣẹlẹ̀ sí i. Ọta kò ní ìyẹ́, yíyí nìkan ló ní.

Inú ọ̀pá ìbọn ló sì ti ń rí yíyí náà gbà. Ilà wà níbẹ̀ tó ń lọ́ yípo, bíi ti inú nọ́ọ̀tì, ṣùgbọ́n ti ìbọn kì í lọ́ tó bẹ́ẹ̀. Nínú ìbọn pélébé 9mm tó wọ́pọ̀, nǹkan bíi mìlímítà 250 ni ilà náà ń lọ kó tó yípo lẹ́ẹ̀kan. Ìyẹn gùn ju ọ̀pá ìbọn náà fúnra rẹ̀ lọ, nítorí náà ọta kì í yípo tán lẹ́ẹ̀kan kó tó jáde. Síbẹ̀, eré tó bá jáde lè tó mítà 360 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ ṣírò rẹ̀: ó ń yí ju ìgbà 1,400 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Òkòtó wo ló tó bẹ́ẹ̀?

Ọ̀rọ̀ ilà yìí kì í ṣe tuntun nílẹ̀ wa. Ṣakabùlà kò ní ilà nínú. Ọta roboto sì lè takìtì bó ṣe wù ú, kò ní ẹ̀gbẹ́, ihò kan náà ni yóò dá. Àléébù rẹ̀ ni pé kì í lọ jìnnà tààrà. Nígbà ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, àwọn ọmọ Èkìtìparapọ̀ tó wà ní Èkó fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sílé. Snider wà lára wọn, ìbọn onílà tí wọ́n ń ki ọta sí láti ìdí. Ìbàdàn tó ti ń fi ṣakabùlà ṣẹ́gun kiri wá rí i pé ọta ń bá àwọn níbi tí tiwọn kò lè dé.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rò: pé ọta ń takìtì nítorí pé yíyí rẹ̀ ti rẹ̀ ẹ́ lọ́nà, bíi ti òkòtó. Rárá. Ilẹ̀ tí òkòtó ń họ ló ń tètè dá a dúró. Lójú afẹ́fẹ́, eré ọta ló ń yára dínkù, yíyí rẹ̀ kì í tètè rẹlẹ̀. Nítorí náà, bí ọta ìbọn pélébé bá fẹ̀gbẹ́ wọlé níbi tí kò jìnnà, ọ̀nà méjì ló wà: yálà kò yí dáadáa látìgbà tó ti jáde lẹ́nu ìbọn, tàbí ó kan nǹkan lọ́nà.

Èyí tí kò yí dáadáa, ìbọn tàbí ọta ló fà á. Ọ̀pá ìbọn lè má ní ilà rárá, bí ọ̀pọ̀ ìbọn pélébé tí wọ́n ń rọ ní kọ̀rọ̀ ṣe rí. Ilà rẹ̀ lè ti jẹ, tàbí kí ìpẹtà ti bà á jẹ́. Ẹ mọ bí ọ̀rinrin Èkó ṣe rí. Òjé lè dì mọ́ ilà títí yóò fi dí. Ọta lè kéré ju ọ̀pá lọ, kó kàn yọ̀ kọjá láìjẹ́ pé ilà dì í mú, bíi skúrúù kékeré nínú nọ́ọ̀tì ńlá. Ẹnu ìbọn tó ṣán náà lè ti ọta lẹ́gbẹ̀ẹ́ bó ti ń jáde, àmọ́ ìyẹn sábà máa ń jẹ́ kó tàsé ni ju kó takìtì lọ.

Ọta fúnra rẹ̀ ló máa ń jẹ́rìí. Bí ilà bá dì í mú, ẹ ó rí àpá ilà náà lára rẹ̀ tó dagun yí i ká. Bí kò bá sí àpá kankan, ọ̀pá aláìnílà ni mo máa kọ́kọ́ fura sí. Bí àpá bá wà àmọ́ tó fẹ̀ tó sì rí wúruwùru, ó yọ̀ nínú ọ̀pá. Ṣùgbọ́n bí àpá ilà bá mọ́ kedere, tí ẹ̀gbẹ́ kan ọta náà sì tẹ́ pẹrẹsẹ, tí ọ̀dà tàbí yanrìn lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, ìbọn náà kò lẹ́bi; ilẹ̀ ló gbá a. Kí ẹ má fi èyí pọ̀ mọ́ ọta tó yí padà nínú ẹran ara. Ìyẹn wọ́pọ̀, kò sì sọ nǹkan kan nípa ìbọn. Ìdí nìyẹn tí ihò ara páànù fi ṣe pàtàkì ju ojú ọgbẹ́ lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ bá ẹ̀yin tọ́nà àti wẹ́dà ẹgbẹ́ mi sọ̀rọ̀, láti Ìkẹjà títí dé Agége. Òfin ìbọn ti 1959 ka ìbọn pélébé sí ohun èèwọ̀, ìbáà ní ilà, ìbáà má ní. Ẹ̀wọ̀n ẹni tó bá ní in láìgbàṣẹ kò dín ní ọdún 10. Bí ẹnì kan bá gbé páìpù wá pé kí ẹ bá òun gbẹ́ inú rẹ̀, tí kò sì lè sọ ẹ̀rọ tó fẹ́ fi sí, ẹ dá páìpù rẹ̀ padà fún un.

Ó ku tiyín, bàbá. N kò lè fi fọ́tò dájọ́. Ẹ fi téèpù wọn ihò náà: ọta 9mm máa ń gùn tó nǹkan bíi mìlímítà 15, ẹ wò ó bóyá gígùn ihò sún mọ́ ìyẹn. Ẹ wọn gíga ihò náà sílẹ̀, kí ẹ wọn gíga itan ọmọ náà níbi tó dúró sí, kí ẹ wá na okùn láti ọgbẹ́ gba inú ihò jáde síta. Bí okùn náà bá ń lọ sílẹ̀ sójú títì, ẹ wá àpá tuntun lára ọ̀dà níbẹ̀, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀ kí mọ́tò tó tẹ̀ ẹ́ pa. Bí okùn bá lọ tààrà síbi tí ẹni náà dúró sí, ní gíga àyà èèyàn, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti ń sú mi.

Ẹ má pààrọ̀ páànù yẹn o. Ẹ bẹ ilé ìwòsàn kí wọ́n má fọ ọta tí wọ́n yọ, kí wọ́n má ha á, kí wọ́n má sì fi irin fún un mọ́lẹ̀, torí àpá irin lè bo àpá ilà. Inú àpòòwé ni kó wà, kí ẹni tó gbà á àti ẹni tó fún un kọ orúkọ àti ọjọ́ sí i, kí lọ́yà yín sì bèèrè pé kí wọ́n yin ìbọn náà wò lójú ẹlẹ́rìí, kí wọ́n fi ọta tó bá jáde wé ti inú àpòòwé.