Ìlànà Ìjọba Káúńtì Prince George's: Ìwé Ìlàlóye fún Àwọn Ọmọ Yorùbá ní Maryland

Ẹ̀yin ọmọ Káàárọ̀-o-ò-jíire tí ẹ tẹ̀dó sí Bowie, sí Lanham, sí Laurel àti Hyattsville, tí ẹ ń san owó-orí ní káúńtì Prince George's, tí àwọn ọmọ yín sì ń kàwé níbẹ̀, ẹ̀yin ni a kọ ìwé yìí fún. Nítorí pé ẹni tí kò mọ ilẹ̀kùn tí ó yẹ kí òun kàn, bí ẹjọ́ rẹ̀ tilẹ̀ tọ́, yóò máa ti ọ́fíìsì kan bọ́ sí òmíràn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní abèèrè kì í ṣìnà.

Ọdún 1696 ni a dá káúńtì náà sílẹ̀, nígbà tí Maryland ṣì wà lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Oko tábà ni ilẹ̀ rẹ̀ láyé ìgbà náà, òógùn àwọn ẹrú aláwọ̀ dúdú ni a sì fi ń ro ó. Lónìí, àwọn aláwọ̀ dúdú ni ó pọ̀ jù lọ nínú àwọn ènìyàn tí ó lé ní 960,000 tí a kà níbẹ̀ ní ọdún 2020. Ẹni tí ó bá ro ìtàn yìí dáadáa ni yóò mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti tóbi tó nígbà tí a dìbò yan Wayne Curry ní ọdún 1994, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó jókòó lórí àga Alákòóso Àgbà káúńtì náà.

Ìwé òfin tí káúńtì ń lò, ọdún 1970 ni àwọn olùdìbò fọwọ́ sí i. Kí ó tó di ìgbà náà, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ní Annapolis ni ó ń bá wọn ṣe púpọ̀ nínú òfin wọn. Alákòóso Àgbà, ẹni tí à ń yàn fún ọdún mẹ́rin mẹ́rin, tí kò sì gbọdọ̀ ṣe ju sáà méjì léraléra lọ, ni ó ń darí iṣẹ́ ojoojúmọ́ láti Largo, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Upper Marlboro ni olú-ìlú: ọlọ́pàá, panápaná àti àwọn tí ń tún ọ̀nà ṣe wà lábẹ́ rẹ̀. Ìgbìmọ̀ Káúńtì, ènìyàn 11, ni ó ń ṣòfin; 9 nínú wọn ń ti àgbègbè wọn wá, gbogbo káúńtì sì pawọ́ pọ̀ yan 2. Bí Alákòóso bá kọ̀ láti fọwọ́ sí òfin kan, ìdá méjì nínú mẹ́ta Ìgbìmọ̀ lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀ láìka kíkọ̀ rẹ̀ sí. Ọ̀bẹ kì í mú kí ó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Nítorí náà ni a kò ṣe kó agbára gbogbo lé ọwọ́ ẹnì kan. Ìgbìmọ̀ yìí kan náà ní í dá ẹjọ́ lílo ilẹ̀, nítorí náà kí ìjọ tàbí ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ ra ilẹ̀ kọ́kọ́ wádìí ohun tí òfin gbà láti kọ́ síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó ni ó ń mú ọ̀pọ̀ wa kùn, síbẹ̀ òun gan-an ni a kì í sábà lọ gbọ́. Ọjọ́ kìíní oṣù Keje ni ọdún ìnáwó ń bẹ̀rẹ̀. Ní àárín oṣù Kẹta ni Alákòóso ń gbé ètò ìnáwó síwájú Ìgbìmọ̀, Ìgbìmọ̀ a sì pe ará ìlú jọ láti sọ tẹnu wọn kí wọ́n tó fọwọ́ sí i ní ìparí oṣù Karùn-ún. Ju ìlàjì owó náà lọ ni ó ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa lọ sí ìjókòó wọ̀nyí: òbí tí ó sọ̀rọ̀ ní oṣù Kẹrin sàn ju èyí tí ó ń ráhùn ní oṣù Kẹsàn-án lọ. Ti owó-orí ilé yàtọ̀ díẹ̀: iléeṣẹ́ ìpínlẹ̀ ni ó ń díye lé ilé yín ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta, káúńtì sì ni ó ń sọ iye tí a ó san lórí rẹ̀. Ẹni tí iye tí a dá lé ilé rẹ̀ kò bá tẹ́ lọ́rùn, ìpínlẹ̀ ni kí ó pẹ̀jọ́ sí. Ẹ̀dínwó tún wà fún ẹni tí ń gbé inú ilé ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá kọ̀wé béèrè kò ní rí i gbà.

A tún ń dìbò yan ṣẹ́rífù, ẹni tí ń mú àṣẹ ilé-ẹjọ́ ṣẹ, tí kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ọlọ́pàá tí ń kiri àdúgbò; bẹ́ẹ̀ náà ni agbẹjọ́rò ìjọba àti akọ̀wé ìwé ìhágún, ẹni tí a ń kọ́kọ́ tọ̀ lọ bí olóògbé bá fi dúkìá sílẹ̀.

Ìlú 27 tí ó ní ìjọba tirẹ̀ wà nínú káúńtì náà. Bowie ní mayọ̀, Lanham kò ní. Ará Lanham tí ìdọ̀tí bá kún ẹnu-ọ̀nà rẹ̀, káúńtì ni kí ó pè, ní nọ́ńbà 311. Ti pàjáwìrì ni 911. Ní ọ̀pọ̀ ibi, omi ẹ̀rọ kò sí lábẹ́ káúńtì tàbí ìlú: àjọ tí Prince George's àti Montgomery jọ ń lò ni ó ń pèsè rẹ̀.

Ọmọ onílùú Amẹ́ríkà nìkan ni ó lè dìbò fún àwọn ipò káúńtì, tí ìdìbò wọn máa ń bọ́ sí ọdún kan náà pẹ̀lú ti gómìnà. Hyattsville àti Mount Rainier gba àlejò tí ń gbé láàárín wọn láyè láti dìbò ìlú tiwọn nìkan. Kí ẹni tí kò tíì di ọmọ onílùú Amẹ́ríkà má ṣe forúkọ sílẹ̀ fún ti káúńtì tàbí ti ìpínlẹ̀, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ni lójú òfin, ó sì lè bà á jẹ́ lójú àwọn tí ń rí sí ọ̀ràn ìwé ìgbélùú.