Èéfín Sìgá Láàárín Èrò: Ohun tí Òfin Wí àti Ibi tí Ẹ̀tọ́ Ẹni Dé

Ìwé ìlàlóye yìí wà fún ẹni tó ń mu sìgá, fún ẹni tí kò mu ún rí, àti fún ẹni tó ni ilé ọtí, ilé oúnjẹ, ọkọ̀ èrò tàbí ọ́fíìsì. Ohun tó mú wa kọ ọ́ ni ọ̀rọ̀ kan tí kì í tán lẹ́nu àwọn tó ń wá sílé ìwòsàn: “Ṣé owó yín ni mo fi ń ra sìgá ni?”

Owó wa kọ́. Àgbàlagbà tó ti pé ọmọ ọdún 18 lè ra sìgá ní Nàìjíríà, ó sì lè mu ún. Kò sí òfin tó ní kó má mu ún. Ìbéèrè méjì péré ni òfin ń bi í: níbo lẹ ti ń mu ún, àwọn wo ló sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú yín? Nínú ìbéèrè kejì yìí ni gbogbo àríyànjiyàn náà wà.

ÈÉFÍN TÍ KÒ GBA INÚ FÍLÍTÀ

Ẹ wo ọwọ́ ẹni tó ń mu sìgá dáadáa. Kì í fà á láìdáwọ́ dúró. Á fà á lẹ́ẹ̀kan, á sì gbé e sáàárín ìka méjì, á máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Ní gbogbo àsìkò tí sìgá fi wà láàárín ìka yẹn, ó ń jó. Èéfín tí amusìgá fà sẹ́nu ti kọ́kọ́ gba inú fílítà kọjá. Èyí tó ń rú láti etí iná kò gba inú ohunkóhun kọjá, tààrà ló ń lọ sí imú ẹni tó wà nítòsí.

Kẹ́míkà tó wà nínú èéfín sìgá lé ní 7,000. Ó tó 70 nínú wọn tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti mọ̀ pé ó ń fa àrùn jẹjẹrẹ. Gáàsì kan wà nínú rẹ̀ tí ó yẹ kí gbogbo ilé tó ń lo jẹnẹrétọ̀ mọ̀: òun ni carbon monoxide, tó ti pa odindi ìdílé mọ́jú nítorí pé wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ sẹ́bàá fèrèsé. Ti sìgá kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n gáàsì kan náà ni, ó sì ń gba àyè afẹ́fẹ́ tó dára nínú ẹ̀jẹ̀.

Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti mọ̀ pé ẹni tí kò mu sìgá lè bá a kú. Ní ọdún 1981, Takeshi Hirayama, oníṣègùn ará Jàpáànì, gbé ìwádìí rẹ̀ jáde lórí àwọn ìyàwó ilé tí kò fẹnu kan sìgá rí. Àwọn tí ọkọ wọn ń mu sìgá púpọ̀ ni àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ń pa ju àwọn tí ọkọ wọn kì í mu ún. Àwọn ilé-iṣẹ́ sìgá bá ìwádìí yẹn jà gan-an, ṣùgbọ́n àwọn ìwádìí tó tẹ̀lé e láti ilẹ̀ mìíràn tì í lẹ́yìn. Nígbà tó di ọdún 2006, olórí àwọn oníṣègùn ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé kò sí ìwọ̀nba èéfín sìgá kankan tí a lè sọ pé kò léwu. Ẹni tó ń fa èéfín ẹlòmíràn símú nígbà gbogbo, ewu àrùn ọkàn tirẹ̀ fi nǹkan bí ìdá 25 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ẹni tí kò fà á. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé àwọn ènìyàn tí kì í mu sìgá tí èéfín yìí ń pa lọ́dọọdún káàkiri ayé lé ní mílíọ̀nù kan. Ní ti àwọn ọmọdé, ohun tí a ń rí lójú ara wa ni ikọ́ fée tí kò gbóògùn, òtútù àyà, àti etí tó ń ṣọyún.

Ṣíṣà ńkọ́? Omi inú ìgò rẹ̀ kò fọ májèlé kúrò. Ó kàn ń mú èéfín náà tutù ni, kí ó lè rọrùn láti fà. Èédú tí wọ́n fi ń dáná sí i tún ń fi gáàsì tirẹ̀ kún un. Ẹni tó bá jókòó ti ìgò náà fún wákàtí kan lè fa èéfín tó tó ti ọgọ́rùn-ún sìgá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

TA NI KÒ LÈ DÌDE KÚRÒ NÍBẸ̀?

Ẹ jẹ́ ká wọ dánfó. Awakọ̀ tan sìgá rẹ̀ ní Ọjọ́tà, ó gbé igbọnwọ́ lé ojú fèrèsé. Ó gbà pé òun ti ṣe dáadáa, torí pé fèrèsé ṣí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ń sáré, atẹ́gùn tó ń gba iwájú wọlé sì ń kó èéfín náà lọ sẹ́yìn. Obìnrin kan wà lórí ìjókòó tó kẹ́yìn tó gbé ọmọ oṣù mẹ́ta lẹ́sẹ̀. Ó fi ìborùn bo imú ọmọ, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa sìgá yẹn.” Kọ̀ńdọ́ dá a lóhùn pé, “Ìyá ọmọ, bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ bọ́ọ́lẹ̀.” Wọ́n ti wà lórí afárá Third Mainland. Ibo ni yóò bọ́ọ́lẹ̀ sí?

Awakọ̀ yẹn lè mú sùúrù títí yóò fi dé gáréèjì kó tó mu sìgá rẹ̀. Ọmọ yẹn kò lè mú sùúrù kó tó mí.

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ òmìnira, ibẹ̀ ni a fẹ́ kí àwọn ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀. Kí a tó béèrè ẹni tó ní ẹ̀tọ́, kí a kọ́kọ́ béèrè ẹni tó lè kúrò níbẹ̀ àti ẹni tí kò lè kúrò. Oníbàárà tí èéfín ń dà láàmú ní bíà pálọ̀ lè sún àga rẹ̀, ó sì lè san owó rẹ̀ kó máa lọ sílé. Ọmọbìnrin tó ń gbé ọtí kiri láàárín tábìlì kò lè lọ. Láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú gan-an ló wà níbẹ̀, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, owó oṣù rẹ̀ kò sì tó èyí tó lè fi máa tọ́jú àyà. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà lórí tábà ní ọdún 2012, àwọn àgbàlagbà tó ń lo tábà kò ju ìdá 5.6 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Síbẹ̀, nínú àwọn tó lọ sí ilé oúnjẹ, ìdá 29.3 ló bá èéfín sìgá pàdé níbẹ̀. Àwọn díẹ̀ ló ń mu ún, àwọn púpọ̀ ló ń bá wọn fà á.

Nítorí irú òṣìṣẹ́ báwọ̀nyí ni Ireland ṣe di orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tó fòfin de sìgá ní gbogbo ibi iṣẹ́ tó wà lábẹ́ òrùlé, àti ilé ọtí pẹ̀lú, ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 2004. Ará Ireland sì fẹ́ràn ilé ọtí ju bí a ṣe rò lọ. Scotland ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2006. Nínú ilé ìwòsàn mẹ́sàn-án tí wọ́n ṣọ́ níbẹ̀, iye àwọn tí wọ́n ń gbé wá nítorí àrùn ọkàn òjijì fi ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù láàárín ọdún kan. Ó tó ìdá méjì nínú mẹ́ta àdínkù náà tó jẹ́ ti àwọn tí kì í mu sìgá.

OHUN TÍ ÒFIN WÍ NÍ NÀÌJÍRÍÀ

Òfin tó de sìgá láàárín èrò kì í ṣe tuntun ní Nàìjíríà. Láti ọdún 1990, nígbà ìjọba ológun, ni àṣẹ kan ti wà tó de sìgá ní ilé ìwé, ilé ìwòsàn, ọ́fíìsì, sinimá àti ọkọ̀ èrò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbọ́ ọ rí, àwọn tó gbọ́ ọ kò kà á sí. Ní ọdún 2005, Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé lórí tábà tán. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tirẹ̀ ní ọdún 2014, ìjọba àpapọ̀ sì ṣe òfin tó ń darí tábà ní gbogbo orílẹ̀-èdè ní ọdún 2015.

Ní ṣókí, sìgá kò gbọ́dọ̀ jó ní ilé ìwé, ilé ìtọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́, ilé ìwòsàn, ọkọ̀ èrò, pápá ìṣeré, ilé oúnjẹ àti ilé ọtí. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ ta sìgá fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, ọmọ náà kò sì gbọ́dọ̀ bá ẹnikẹ́ni tà á. Títa sìgá ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan lòdì sófin pẹ̀lú. A mọ̀ pé ẹyọ kọ̀ọ̀kan náà ni wọ́n ṣì ń tà á nídìí pàràgà àti lẹ́bàá gbogbo gáréèjì. Ìdí tí òfin fi dè é ni pé ọmọ tí kò lówó odindi páálí lọ́wọ́ lè rí owó ẹyọ kan.

Ní Èkó, ẹni tí ilé ẹjọ́ bá dá lẹ́bi pé ó mu sìgá níbi tí òfin dè lè san ₦10,000 sí ₦50,000, tàbí kó lọ sẹ́wọ̀n oṣù kan sí oṣù mẹ́ta, tàbí kó jẹ méjèèjì pọ̀. Ẹ kíyè sí i pé ilé ẹjọ́ la wí. Ọlọ́pàá tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá ní kí ẹ san owó sọ́wọ́ òun lẹ́bàá títì, kì í ṣe òfin yìí ló ń tẹ̀ lé.

“ÌWÉ ÒFIN ILẸ̀ WA FÚN MI NÍ ÒMÌNIRA”

Bẹ́ẹ̀ ni, ó fún yín. Abala 37 nínú ìwé òfin ọdún 1999 dáàbò bo àṣírí ọmọ Nàìjíríà nínú ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣí i dé abala 45, ẹ óò rí i pé ìjọba lè ṣe òfin tó bójú mu láti dáàbò bo ìlera aráàlú, tàbí láti dáàbò bo ẹ̀tọ́ àti òmìnira ẹlòmíràn. Òmìnira tí abala 45 ń wí yẹn, ti ìyá ọmọ inú dánfó náà wà níbẹ̀.

Àwọn kan máa ń bi wá pé, bí ìjọba bá lè de sìgá lónìí, ṣé kò ní de iyọ̀ tàbí ẹmu lọ́la? Ìbéèrè gidi ni, a kò fi rẹ́rìn-ín. Ohun tí a rí ni pé iyọ̀ tí mo jẹ kò lè gba orí tábìlì wọ inú yín. Bí ìjọba bá dìde lọ́jọ́ kan láti de ohun tí kò pa ẹnikẹ́ni lára àfi ẹni tó jẹ ẹ́, kí aráàlú béèrè ìdí. Òfin sìgá kò dé ibẹ̀.

Ilé ẹni ńkọ́? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti le díẹ̀. Òfin Èkó ka mímu sìgá níwájú ọmọdé sí ẹ̀ṣẹ̀, ìtanràn ₦15,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan ló sì so mọ́ ọn. A fara mọ́ èrò tó wà nídìí rẹ̀, ṣùgbọ́n a kò ní rán ẹnikẹ́ni wá yọjú lójú fèrèsé yín. Ìmọ̀ràn la lè fún yín: ẹ jáde síta gbangba, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà, kì í ṣe ẹ̀yìn fèrèsé. Ẹ má ṣe mu ún nínú ọkọ̀ tí ọmọ wà nínú rẹ̀, bí gíláàsì tilẹ̀ wà nílẹ̀. Ilé face-me-I-face-you, níbi tí yàrá mẹ́wàá ti ń lo ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, ló gba sùúrù jù, torí pé ìloro tí èéfín rú sí kì í ṣe ti ẹnì kan. Àwọn àgbà ti wí i pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hùrù-hẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ti sìgá tiẹ̀ tún burú jù bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹni tí kò jẹ kòkòrò náà pàápàá yóò wúkọ́.

Ẹ bá a sọ ọ́ ní pẹ̀lẹ́, ní ìkọ̀kọ̀. Òfin kò fún ẹnikẹ́ni láyè láti já sìgá gbà lẹ́nu ọmọ ẹlòmíràn, láti bú u, tàbí láti fẹ̀sùn olè tàbí ti amugbó kàn án. Ẹni tó dá dúró sí pápá gbalasa tó ń mu tirẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀.

FÚN ÀWỌN TÓ NI ILÉ ỌTÍ ÀTI ILÉ OÚNJẸ

Ẹ lẹ àkíyèsí pé kò sáyè sìgá mọ́ ibi tí gbogbo ènìyàn á ti rí i, ẹ sì kó àwo eérú sìgá kúrò lórí tábìlì. Níwọ̀n ìgbà tí àwo bá wà níbẹ̀, oníbàárà yóò gbà pé àyè wà. Ẹ má ṣe fọkàn tán fáànù tàbí éàkọ́n: wọ́n ń tú èéfín ká ni, wọn kì í kó o jáde. Bí ẹ bá ya ibì kan sọ́tọ̀ fún amusìgá, kó jẹ́ ìta, kó jìnnà sí ẹnu ọ̀nà àti fèrèsé, kí ẹ má sì rán òṣìṣẹ́ tó lóyún lọ gbé ọtí síbẹ̀.

BÍ Ẹ BÁ FẸ́ FI Í SÍLẸ̀

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń mu sìgá ló ti gbìyànjú láti fi í sílẹ̀ rí, tí kò bọ́ sí i. Kì í ṣe ohun ìtìjú fún ẹnikẹ́ni. Nicotine inú tábà ló ń de ènìyàn mọ́lẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ló máa ń le jù: orí fífọ́, ìbínú, oorun tí kò wá. Bí òùngbẹ sìgá bá dé, ìṣẹ́jú mélòó kan ló máa ń lò kó tó rọlẹ̀. Ẹ mu omi, ẹ jẹ orógbó, ẹ rìn jáde. Lẹ́yìn ọdún kan láìmu sìgá, ewu àrùn ọkàn tó wà lórí yín yóò ti dín kù dé ìdajì.

Bí ẹ bá ń bọ̀ nílé ìwòsàn, ẹ ṣírò iye ẹyọ tí ẹ ń mu lóòjọ́, kí ẹ sì kíyè sí bó ṣe ń pẹ́ tó lẹ́yìn tí ẹ bá jí kí ẹ tó tan àkọ́kọ́. Ẹni tó ń tan tirẹ̀ kó tó fọ ẹnu, a mọ̀ pé ó ti wọ̀ ọ́ lára gan-an, ìrànlọ́wọ́ tirẹ̀ yóò sì yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń mu ún lópin ọ̀sẹ̀ nìkan. Aláboyún tàbí ẹni tó ní àrùn ọkàn kò gbọ́dọ̀ dá gọ́ọ̀mù tàbí oògùn ìfisìgásílẹ̀ rà lọ́dọ̀ oníkẹ́mísì kó tó rí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà.