Ìmọ́lẹ̀ Wo Ló Yẹ Aṣọ Wa Nínú Àwòrán AI?

 

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń fi ẹ̀rọ AI orí fóònù ya àwòrán ọjà báyìí. A ó kọ ohun tí a fẹ́ sí i, yóò sì yà á fún wa láti gbé sórí WhatsApp. Ó dín owó onífọ́tò kù, a ò lè sọ pé kò dára. Ṣùgbọ́n láìpẹ́ yìí, oníbàárà mẹ́ta dá àdìrẹ padà fún ọ̀kan nínú wa. Aṣọ tó kó fún wọn dúdú kirikiri. Èyí tó wà nínú àwòrán pupa rẹ́súrẹ́sú bí ewé gbígbẹ. A ní kó fi ọ̀rọ̀ tó kọ sí ẹ̀rọ hàn wá, àṣé "golden hour" ló wà níbẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ló ní kó kọ ọ́, pé àwòrán yóò dùn-ún wò. Ó dùn-ún wò lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó ti padà sọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

Kí ni golden hour? Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni, nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ tàbí tó kù díẹ̀ kó wọ̀. Oòrùn ti wálẹ̀ nígbà náà, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń gba inú afẹ́fẹ́ púpọ̀ kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Apá tó jọ aró nínú rẹ̀ á ti fọ́n ká lójú ọ̀nà, ìyeyè àti pupa ló máa ṣẹ́kù. Ẹ wá da irú iná bẹ́ẹ̀ lé aṣọ aláró! Ẹ̀rọ náà kò tilẹ̀ rí oòrùn rí. Àìmọye fọ́tò tí àwọn èèyàn kọ ọ̀rọ̀ sí lábẹ́ ni wọ́n fi kọ́ ọ. Bí ẹ bá ti pe orúkọ ìmọ́lẹ̀ kan, àwọ̀ tó máa ń bá orúkọ náà rìn ló máa da bo gbogbo nǹkan, títí kan ọjà yín.

Fún àdìrẹ, ẹ kọ "soft window light, neutral white". Ẹ rántí bí a ṣe máa ń rí tí a bá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tí oòrùn ò wọlé tààrà: òjìji kò le, àwọ̀ kò yí. Ohun tí àwọn onífọ́tò ń wá nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé agboòrùn funfun síwájú iná ní sídíò.

Òfì yàtọ̀. Tí iná bá kọjú sí i tààrà, á rí pẹlẹbẹ bí pépà. "Side light" ni kí ẹ kọ, kí iná ti ẹ̀gbẹ́ wá, kí òwú kọ̀ọ̀kan ní òjìji tirẹ̀, kí oníbàárà rí i pé híhun ni wọ́n hun ún.

"Rembrandt lighting" náà wà, àwọn ọmọ wa fẹ́ràn rẹ̀. Rembrandt jẹ́ ayàwòrán ará Netherlands tó kú ní 1669. Iná á ti òkè wá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì á ṣókùnkùn, àfi ìmọ́lẹ̀ kékeré onígun mẹ́ta lábẹ́ ojú. Ó yẹ àwòrán ìyálọ́jà tó wé gèlè, nítorí ojú rẹ̀ la fẹ́ wò. Ẹ má fi ta aṣọ aláró o. Òkùnkùn á gbé e mì.

Ẹ tún ṣọ́ra fún "bright" àti "glowing". Nígbà mìíràn ńṣe ló máa ń bó ara obìnrin inú àwòrán. Ẹ kọ "deep brown skin" mọ́ ọn, kí iná sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ara dúdú á máa dán.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ ò ti ràn wá lọ́wọ́ ni bátànì. Ẹ ní kó ya Ìbàdàndùn, òpó Gbọ̀ngàn Mápó inú rẹ̀ lè di igi, ó lè di ẹja. Nítorí náà, ẹ ya fọ́tò aṣọ gan-an lábẹ́ ibòòji ìsọ̀, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ẹ̀rọ, kí ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé èyí ni aṣọ tí a ń tà. Arábìnrin wa oní golden hour ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ báyìí. Méjì nínú àwọn mẹ́ta yẹn ti padà wá rajà.